Ohun tí aṣọ gbà àti ohun tó kọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn láti ìdí ìkòkò aró ní Òṣogbo

Iṣẹ́ aró ni mò ń ṣe ní Òṣogbo níbí. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà mi ni mo ti kọ́ ọ, ní àgbàlá wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, kí n tó lọ kọ́ sáyẹ́ǹsì nílé ìwé. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ iṣẹ́ àti àwọn oníbàárà ń bi mí ní ìbéèrè, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì jọra: kí ló mú kí aṣọ yìí mu aró tí tọ̀hún kò mu ún? Kí ló dé tí àwọ̀ tí mo rí nínú omi kì í ṣe èyí tí mo bá lórí okùn? Mo kó wọn jọ síbí. Èyí tí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, mo pẹ́ lórí rẹ̀. Èyí tí kò pọ̀, mo tètè kọjá.

Báwo ni omi ṣe ń wọ inú aṣọ gan-an?

Ẹ rántí òwú àtùpà. Kẹrosíìnì wà nísàlẹ̀, iná wà lókè, kò sí ẹni tó ń fà á, síbẹ̀ ó ń gòkè. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú òwú àtùpà náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú aṣọ. Bí ẹ bá tú òwú kan ṣoṣo palẹ̀, ẹ ó rí i pé fọ́nrán tín-ín-tìn-ín lọ́pọ̀lọpọ̀ ló lọ́ mọ́ra wọn, àlàfo tóóró sì wà láàárín wọn. Omi fẹ́ràn ara rẹ̀; ìdí nìyẹn tó fi ń ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí ewé kókò. Àmọ́ ó fẹ́ràn òwú ju bó ṣe fẹ́ràn ara rẹ̀ lọ, torí pé sẹ́lúlósì ni òwú, ìyẹn ohun tí ara ewéko fi dúró, sẹ́lúlósì sì kún fún ibi tí omi lè dì mú. Omi á dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ àlàfo náà, á fa èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́, èyí náà á fa òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa wọ́ lọ.

Bí àlàfo bá ṣe tóóró tó ni omi ṣe ń gòkè tó. Nínú ọ̀pá gíláàsì tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 2, omi kì í gun ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1.5 lọ. Bí ihò náà bá wá jẹ́ mílímítà 0.2 péré, omi á gun tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ ti ipẹ̀kun aṣọ kan bọ inú abọ́ omi, kí ẹ so ìyókù rókè, ẹ ó rí i fúnra yín.

Ohun kan wà tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi: ibùgbé méjì ni omi ní nínú aṣọ. Èyí tó wà láàárín fọ́nrán sí fọ́nrán, bí ẹ bá ti fún aṣọ, ó ti jáde. Èyí tó wọ inú fọ́nrán fúnra rẹ̀, ìyẹn ni kì í tètè jáde. Aró tó bá dúró sí ibùgbé àkọ́kọ́, ọjọ́ tí ẹ bá fọ aṣọ ló máa bá omi lọ. Gbogbo wàhálà aláró ni pé kí aró dé ibùgbé kejì.

Kí ló dé tí aṣọ funfun tuntun fi ń ta omi dànù?

Torí pé kò tíì wà ní ìhòòhò. Òwú ní ìda díẹ̀ lára láti oko, ilé iṣẹ́ tó hun ún sì tún fi sítáàṣì ra á kí ó má baà já lórí ẹ̀rọ. Ìda àti sítáàṣì yìí ló dínà. Ẹ kán omi kan ṣoṣo lé tẹ́rù tuntun: bó bá dúró róbótó tí kò tètè tàn, ẹ gbé aṣọ náà pa dà. Ẹ fi ọṣẹ àti sódà díẹ̀ sè é fún bíi wákàtí kan, kí ẹ ṣan án dáadáa, kí ẹ sì tún omi kán. Tó bá ti wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, aṣọ ti ṣe tán. Ìyá àgbà mi kì í gba aṣọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ tọ́ ọ sí omi. Ahọ́n wọn gan-an ni wọ́n ń lò nígbà míì: wọ́n á fi lá etí aṣọ, wọ́n á wò ó, wọ́n á gbé e sọ́tùn-ún tàbí sósì.

Wọ́n tà á fún mi pé òwú ni. Kí ló dé tí kò mu aró?

Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ òwú. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, ó sì dùn mí púpọ̀. Oníbàárà kan gbé ogún yáàdì gínì wá fún aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ẹni tó tà á fún un ní ọjà ti búra pé òwú pọ́ńbélé ni. Mo wò ó, ó ń dán, ó rọ̀, mo gbà pé òótọ́ ni. Mo tì í bọ aró nígbà mẹ́ta. Nígbà tí a tẹ́ ẹ sórí okùn, búlúù tó dúdú dáadáa ni mo ń retí. Àwọ̀ eérú ni mo rí. Mo sún mọ́ ọn, mo na aṣọ náà láàárín ìka mi méjì. Òwú tó wà lóròó ti di búlúù. Èyí tó wà níbùú funfun báláú, ó ń dán bí irun arúgbó, aró ti ṣàn kúrò lára rẹ̀ bí omi lórí ewé kókò. Pọ́líẹ́sítà ni, fọ́nrán oníke tí ilé iṣẹ́ ń ṣe. Èmi ni mo san owó aṣọ náà, torí èmi ni mo gbà á láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Láti ọjọ́ yẹn, màá fa òwú kan lóròó, màá fa ọ̀kan níbùú, màá sì fi iná ràn wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má ṣe fa ọ̀kan ṣoṣo, torí ibẹ̀ ni ẹ̀tàn máa ń sá pa mọ́ sí. Òwú gidi á jó bí ìwé, á rùn bí ìwé, eérú rẹ̀ á fẹ́lẹ́, á sì rọ̀. Pọ́líẹ́sítà á yọ́, á ká kò, á sì fi kóró dúdú líle sílẹ̀ ní ìdí rẹ̀.

Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì kì í ṣe kékeré. Ẹ gbé òwú gbígbẹ gíráàmù 100 sílẹ̀ nínú yàrá tí kò gbẹ jù, tí kò sì tutù jù, á fa bíi gíráàmù 8 omi látinú afẹ́fẹ́ lásán. Pọ́líẹ́sítà kò ní fa tó ìdajì gíráàmù. Kò sí ibi tí omi lè dì mú lára rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá máa ń pa á láró, àmọ́ irú aró mìíràn ni wọ́n ń lò, nínú ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti omi gbígbóná dé bíi 130 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì. Ìkòkò wa kò lè ṣe ìyẹn.

Kí nìdí tí ẹ fi ń rẹ aṣọ sómi kó tó wọ inú aró?

Kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. Aṣọ gbígbẹ tó bá já sínú aró lẹ́ẹ̀kan náà á gbé afẹ́fẹ́ wọlé, ibi tí afẹ́fẹ́ bá há sí kò ní mu aró bíi ti ibi tó kù. Ẹ rẹ ẹ́, ẹ fún un, kí ó wà ní rírẹ̀ láìkán.

Kí ló dé tí aṣọ fi ń jáde nínú aró ẹ̀lú ní àwọ̀ ewé, kó tó wá di búlúù?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù lọ nìyí. Ewé ẹ̀lú tútù kò ní búlúù nínú. Ìgbà tí a bá gún un ni ohun tó wà nínú ewé náà á tú síta, á bá afẹ́fẹ́ pàdé, á sì di índígò, tí í ṣe búlúù náà gan-an. A ó ṣù ú róbótó, a ó sá a kó gbẹ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé índígò kì í yòrò nínú omi. Ẹ lè máa rò ó títí di ọ̀la, ìsàlẹ̀ ló máa lọ bí yẹ̀pẹ̀. Ohun tí kò bá sì yòrò kò lè bá omi dé inú fọ́nrán.

Àwọn ìyá wa ti rí ojútùú sí i kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n á sun igi di eérú, wọ́n á sẹ́ omi gba inú eérú náà nínú ìkòkò tí wọ́n lu nídìí, omi tó bá sẹ̀ sísàlẹ̀ ni wọ́n á dà sórí ẹ̀lú. Wọ́n á dé e. Wọ́n á kí Ìyá Mápò, olóòtú iṣẹ́ àwọn obìnrin, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó kan. Nínú òkùnkùn ìkòkò yẹn, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ń jẹ ọ́síjìn inú omi tán, wọ́n sì ń sọ índígò di irú mìíràn tó ń yòrò nínú omi eérú. Ẹ ṣí ìkòkò tó ti kan dáadáa, ẹ ó rí ìfófòó búlúù lókè, ojú omi á máa dán bí bàbà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi igbá ṣí i kúrò, omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ á jọ omi ewé tí a gbo, ó pọ́n fẹ́rẹ́ bí ìyeyè. Bí omi abẹ́ bá ti búlúù, aró náà kò tíì ṣe tán tàbí kó ti kú.

Omi bí ìyeyè yẹn ló ń wọ inú fọ́nrán. Ẹ wá fa aṣọ jáde. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ewé ni. Etí aṣọ ló kọ́kọ́ máa ń yí pa dà, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń kọ́kọ́ bà á. Lẹ́yìn náà ni àárín. Ibi tó bá ká mọ́ra á ṣì wà bí ewé títí ẹ ó fi fi ọwọ́ tú u. Ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ ti di búlúù: ọ́síjìn ti dá índígò pa dà sí irú èyí tí kì í yòrò, inú fọ́nrán ló sì wà nígbà tó yí pa dà. Ó wọlé bí omi, ó di òkúta sínú ilé. Ẹ lè fọ̀ ọ́ bó ṣe wù yín.

Sódà kọ́sítíìkì àti háídírósì tí a ń lò fún kámpálà òde òní, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Sódà rọ́pò omi eérú, háídírósì rọ́pò àwọn kòkòrò, ó sì ń ṣe é láàárín wákàtí kan dípò ọjọ́ mélòó kan. Índígò fúnra rẹ̀ ti di ohun tí ilé iṣẹ́ ń ṣe: Adolf von Baeyer ní Jámánì ló kọ́kọ́ ṣe é láìlo ewé, ó sì wà lára ohun tí wọ́n fi fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1905. Ilé iṣẹ́ BASF ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà á láti 1897. Bákan náà ni àwọ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n òórùn ìkòkò ẹ̀lú yàtọ̀, ẹni tó bá dàgbà sí ìdí rẹ̀ kì í gbàgbé.

Báwo ni ẹ̀kọ ṣe ń dá aró dúró nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ?

Ó ń dí ọ̀nà ni. Láfún tí a fi omi ro, tí a fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí, tí a fi ìyẹ́ adìẹ kọ sójú aṣọ: tó bá gbẹ, ó ti dí àlàfo àárín fọ́nrán pa. Àmọ́ láfún náà máa ń mu omi, ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ìda nìyẹn. Ó kàn ń pẹ́ kó tó mu ún tán ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ti ẹlẹ́kọ bọ aró ní wéréwéré, tí a kì í fún un, tí a sì ń jẹ́ kó gbẹ kó tó pa dà wọlé. Ibi tí ẹ̀kọ wà kì í sábà funfun tán. Búlúù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ máa ń jọ lọ sábẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ràn búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Òun ni mo fi ń dá ẹlẹ́kọ tí a fi ọwọ́ ṣe mọ̀ láàárín ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀.

Ti oníko rọrùn ju ìyẹn lọ: ibi tí ẹ bá ti so pọ́nyán-únyán-ún, àlàfo ti pa dé, omi kò rí ibi gbà.

Mo gbọ́ pé aró ń mu ìmọ́lẹ̀. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó dà bíi pé ó funfun yìí, àdàlù ni. Ìgbà tí òṣùmàrè bá yọ la máa ń rí i nígbà tó tú ká. Bí ìgbì ni ìmọ́lẹ̀ ń rìn, gígùn ìgbì náà ló sì ń sọ àwọ̀ rẹ̀. Èyí tí ojú wa lè rí bẹ̀rẹ̀ láti bíi 400 nánómítà, tí í ṣe àwọ̀ àlùkò, títí dé bíi 700 nánómítà, tí í ṣe pupa. Ẹ kó mílíọ̀nù kan nánómítà jọ, mílímítà kan ṣoṣo ni.

Ìmọ́lẹ̀ máa ń gbé agbára dání, pupa gbé kékeré, búlúù gbé púpọ̀ jù ú lọ. Nínú mólékù aró, ìyẹn ẹyọ aró tó kéré jù lọ, àwọn èérún tín-ín-tìn-ín tí à ń pè ní ẹlẹ́kítírọ̀nù wà tó lè gba agbára yìí, ṣùgbọ́n wọn kì í gba ohun tí kò bá bá ìwọ̀n wọn mu. Bí ìyá tó ń ta gàárì ní kóńgò ni wọ́n rí: owó kóńgò kan péré ni wọ́n ń gbà, wọn kì í ta ààbọ̀. Ìwọ̀n ti índígò bọ́ sí àwọ̀ ọsàn àti pupa, láti bíi 600 nánómítà lọ sókè. Ìyẹn ló ń gbé mì, tó ń sọ di ooru. Búlúù kò bá ìwọ̀n rẹ̀ mu, nítorí náà ó ń dá a pa dà, òun ló sì ń wọ ojú wa. Ẹ ò rí i pé àwọ̀ tí a fi ń pe aṣọ lórúkọ, èyí tí aṣọ kọ̀ ni.

Ẹ wò ó bẹ́ẹ̀: ẹ gbé àdìrẹ búlúù lọ sí yàrá tí gílóòbù pupa nìkan ń tàn. Dúdú lẹ máa rí. Kò sí búlúù nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn tí aṣọ lè dá pa dà, pupa tó wà níbẹ̀ sì rèé, ó ti gbé e mì. Nítorí èyí ni mo fi ń bẹ àwọn tó ń ra aṣọ ẹbí pé kí wọ́n má ṣe fi iná ṣọ́ọ̀bù yan àwọ̀. Aṣọ méjì lè bára mu kanlẹ̀ lábẹ́ gílóòbù, kí wọ́n dé ojú oòrùn ní Ọjà Ọba kí ọ̀kan pọ́n ju èkejì lọ. Ẹ gbé e síta kí ẹ tó sanwó.

Kí ló dé tí aṣọ tó bá rẹ fi ń dúdú ju èyí tó gbẹ lọ?

Bí aṣọ bá gbẹ, afẹ́fẹ́ ló wà láàárín fọ́nrán rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ máa ń yà bàrà bó bá ti ń ti inú afẹ́fẹ́ bọ́ sínú òwú, nítorí náà ó ń fọ́n ká ní ojú aṣọ, púpọ̀ rẹ̀ sì ń pa dà síta láìtíì wọlé jìnnà. Omi sún mọ́ òwú ju afẹ́fẹ́ lọ ní ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà rin inú wọn. Bí omi bá kún àlàfo, yíyà bàrà náà dín kù, ìmọ́lẹ̀ á wọlé lọ, á bá aró púpọ̀ sí i pàdé, aró náà á sì gbé e mì. Ìyẹn ni a fi ń rí i pé ó dúdú. Aró kankan kò pọ̀ sí i.

Ẹ ti rí irú rẹ̀ lára ìwé tí wọ́n fi wé àkàrà gbígbóná. Ibi tí òróró bá ti mu, ẹ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Òróró sún mọ́ ìwé ju omi lọ pàápàá, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ kàn ń gbà á kọjá ni.

Wọ́n ní "Àgbé ló laró, kì í ráhùn aró." Ṣé aró wà lára àgbé lóòótọ́?

Mo ti ronú sí èyí gan-an, torí ẹnu àwọn bàbá wa kò ṣe é já ní koro. Àgbé ló laró, àlùkò ló losùn, lékèélékèé ló lẹfun. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àlùkò ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu jù: pupa ìyẹ́ apá rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ gidi tó ní bàbà nínú, bàbà tí a fi ń ṣe wáyà. Ti lékèélékèé, kò sí àwọ̀ kankan níbẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ ń fọ́n gbogbo ìmọ́lẹ̀ ká láìyan ọ̀kankan, ìyẹn ni a ń pè ní funfun. Búlúù ara ìyẹ́ ẹyẹ kì í sábà jẹ́ aró. Bí ìyẹ́ ṣe tò nínú lọ́hùn-ún ló ń mú kí búlúù pa dà síta. Aró kan wà, nígbà náà, tí a kò nílò ìkòkò fún. Inú mi dùn pé àgbé kì í ráhùn rẹ̀ lóòótọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé aṣọ dúdú máa ń gbóná?

Bẹ́ẹ̀ ni, lójú oòrùn. Ní ọ̀sán gangan tí kò sí ìkùukùu, oòrùn ń da agbára tó tó wáàtì 1,000 sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti lóròó, bíi ti áyọ́ọ̀nù kékeré kan. Aṣọ funfun ń dá púpọ̀ rẹ̀ pa dà, dúdú ń gbé e mì. Nínú ilé, lábẹ́ ibòji, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan.

Kí ló dé tí oòrùn fi ń pa àwọ̀ aṣọ?

Agbára tí aró ń gbé mì kì í di ooru tán ní gbogbo ìgbà. Lára ìtànṣán oòrùn, èyí tí ojú kò rí tó kọjá àwọ̀ àlùkò lágbára débi tó lè já mólékù aró sí méjì. Mólékù tó bá ti já kò ní gba ìwọ̀n rẹ̀ àtijọ́ mọ́, àwọ̀ á sì lọ. Ẹ sá àdìrẹ yín sábẹ́ ibòji, kí ẹ yí inú rẹ̀ síta.

Àmọ́ oòrùn kan náà ń ṣe wá lóore. Ẹ̀yin tí epo pupa ti ta sí lára aṣọ funfun, ẹ fi ọṣẹ fọ òróró rẹ̀ kúrò, ẹ má sì bínú sí pípọ́n tó kù. Ohun tó pọ́n epo ni kárótíìnì, ẹbí ohun tó pọ́n kárọ́ọ̀tì, kárótíìnì sì ń gbé búlúù inú ìmọ́lẹ̀ mì, òun ni a fi ń rí i bí ọsàn. Kò lágbára níwájú oòrùn rárá. Ẹ sá a ní rírẹ̀ lójú oòrùn gangan, kó tó di ìrọ̀lẹ́ púpọ̀ rẹ̀ ti lọ. Àwọn ìyá wa mọ èyí tipẹ́.

Kí ni lílù ń ṣe fún aṣọ tó fi ń dán?

Ó ń tẹ́ fọ́nrán pẹrẹsẹ. Ojú aṣọ tó rí gbágungbàgun ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ káàkiri. Èyí tó tẹ́jú ń dá a pa dà sí ọ̀nà kan ṣoṣo bíi dígí. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́, fọ́nrán á wú pa dà, dídán á lọ.

Ìkòkò amọ̀ àti ògiri náà ń mu omi. Ṣé ọ̀nà kan náà ni?

Ọ̀nà kan náà ni. Àmù ní ihò tín-ín-tìn-ín lára tí omi ń gbà jáde díẹ̀díẹ̀, tó ń di oru lójú rẹ̀. Kí lítà kan omi tó gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́, ó ń gba agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́jọ èyí tí ẹ nílò láti fi mú lítà kan gbóná láti orí ooru ọ̀sán dé ìgbà tó máa hó. Inú omi tó kù ló ti ń gba ooru yẹn, ìdí nìyẹn tí omi àmù fi ń tutù. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà ọyẹ́. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ ti yó fún omi, kò fi bẹ́ẹ̀ tutù mọ́.

Ti ògiri kò dára. Omi ilẹ̀ ń gun ihò inú búlọ́ọ̀kù bó ṣe ń gun òwú àtùpà, ó ń gbé iyọ̀ ilẹ̀ dání, iyọ̀ náà ló ń kù bí ìyẹ̀fun funfun tó ń ṣí ọ̀dà. Kíkùn mìíràn lórí rẹ̀ kì í yanjú ẹ̀. Láti ìpìlẹ̀ ni kí ẹ ti tẹ́ nǹkan tí omi kì í gbà kọjá.

Pámpásì ọmọ ńkọ́?

Ìyẹn kì í ṣe òwú lásán. Kóró funfun inú rẹ̀ lè mu omi lásán dé ìlọ́po ọgọ́rùn-ún mélòó kan ìwọ̀n ara rẹ̀, á sì di bí ẹ̀kọ. Ìtọ̀ ní iyọ̀, nítorí náà kì í mu tó bẹ́ẹ̀.

Páńẹ́lì sólà náà ń mu ìmọ́lẹ̀. Kí ló fi yàtọ̀ sí aṣọ?

Ohun tó ń ṣe lẹ́yìn tó bá mu ún tán ni. Aró ń sọ agbára di ooru; sílíkọ́nì inú páńẹ́lì ń fi í ti ẹlẹ́kítírọ̀nù sínú wáyà. Òun náà ní ìwọ̀n tó ń gbà: ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn ju bíi 1,100 nánómítà lọ, kò ríran rí i. Nínú agbára tó bá bà lé e, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló ń di iná. Búlúù tí ẹ ń rí lójú àwọn kan ti wá láti ara nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má baà máa pa dà sẹ́yìn.

Níbo ni kí n da omi aró tó ti kú sí?

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe odò. Háídírósì tó ṣẹ́ kù á máa jẹ ọ́síjìn inú odò bó ṣe jẹ ti inú ìkòkò, ẹja sì nílò ọ́síjìn yẹn. Sódà kọ́sítíìkì ń bó ara wọn. Omi Ọ̀ṣun ti ní ìpọ́njú tó láti òkè odò. Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, odò yìí kan náà ló gba inú rẹ̀ kọjá. Ìtàn ìlú wa sì ni pé nígbà tí Láróòyè àti Tìmẹ́hìn, tí wọ́n tẹ ìlú yìí dó, gé igi tó wó sínú omi, ohùn kan jáde pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ìlú tí ìkòkò aró olódò wà nínú ìtàn rẹ̀, kò yẹ kó máa da májèlé sódò.

Ẹ fi ìgò kékeré mélòó kan da ọtí kíkan sí i, kí ẹ rò ó lójú afẹ́fẹ́ títí omi náà yóò fi di búlúù pátápátá, kí índígò rò sísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ yẹn ṣì wúlò, ẹ dá a pa dà sínú ìkòkò. Omi òkè rẹ̀, inú kòtò tó jìnnà sí kànga ni kí ẹ dà á sí.

Níbo ni mo ti lè kọ́ aró ẹ̀lú ní Òṣogbo?

Nike Centre for Art and Culture tí Nike Davies-Okundaye dá sílẹ̀ níbí ní 1983 ti kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àdìrẹ. Àwọn ìyá aláró tó ṣì ń lo ẹ̀lú kò pọ̀ bíi tàtijọ́. Ẹni tí ẹ bá rí, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sì wo ọwọ́ wọn ju ẹnu wọn lọ.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé aṣọ ti yó?

Ẹ má ṣe fi ojú wò ó nígbà tó rẹ, mo ti sọ ìdí rẹ̀ lókè. Ẹ gé aṣọ náà kékeré láti etí, ẹ sá a sábẹ́ ibòji títí yóò fi gbẹ, kí ẹ tó fi wé èyí tí ẹ ń fẹ́. Bí kò bá tíì dúdú tó, ẹ tún un tì bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ fà á jáde kó gba afẹ́fẹ́, kí ẹ tún un ṣe. Ìgbà mẹ́jọ ní kúkúrú kúkúrú dára ju kí ó sùn nínú aró mọ́jú, torí ìgbà tó bá jáde tó sì yí pa dà ni ìpele kan tó dì mọ́lẹ̀, tí òmíràn lè wá gùn ún.

Lẹ́yìn náà, ẹ fọ̀ ọ́. Ìyá àgbà mi máa ń fi ègé aṣọ funfun kan ra àdìrẹ tó ti gbẹ, ní ìgbà mẹ́ta, pẹ̀lú gbogbo agbára ọwọ́ wọn. Bí funfun yẹn bá ṣì ń di búlúù, aró kan ṣì jókòó sí ìta fọ́nrán. Wọ́n á dá aṣọ náà pa dà sínú omi.